Owó-orí tàbí Ọjà? Ìjíròrò lórí Ìyípadà Ojú-ọjọ́ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù láti Ọdún 1986 sí 2023

Ìfáárà

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé àwọn aṣòfin jókòó láti jíròrò lórí ìyípadà ojú-ọjọ́, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni òjò, ọ̀dá, ooru àti ìkún-omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tọpinpin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù láàrin ọdún 1986 sí 2023 yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òjò àti ooru kọ́ ni ó fa awuyewuye jù lọ. Ìbéèrè tí ó ń jà rànyìn ni pé: ta ni ó ní àṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń tú èéfín sí ojú ọ̀run, ta ni ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ó tó di òfin? Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ìbéèrè náà ṣe darí ìgbésẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan kọ́ ni ó sọ èéfín di ohun tí wọ́n ń tà tí wọ́n ń rà ní Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìfẹ́ sí òwò nìkan. Òfin tí ó de ọ̀nà ìdìbò ni ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ jù.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń pè ní èéfín ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ń jáde nígbà tí ènìyàn bá sun èédú, epo rọ̀bì tàbí gáàsì. Ojú kò lè rí i bí ó ti ń rí èéfín igi ìdáná, ṣùgbọ́n ó ń kó jọ sí òfuurufú, ó sì ń dá ooru oòrùn dúró kí ó má baà jáde tán.

Àwọn tí ń ṣòfin ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù

Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù máa ń gbà kọjá. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ tí ó fi Brussels ṣe ibùjókòó ni ó máa ń kọ àbá òfin. Ìgbìmọ̀ àwọn Mínísítà, tí ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń rán aṣojú sí, ni ó ní agbára láti gbà á tàbí kọ̀ ọ́. Ẹ̀kẹta ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tí ó ń jókòó ní Strasbourg, èyí tí àwọn ará ìlú ti ń dìbò yan ọmọ ilé sí fúnra wọn láti ọdún 1979.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, agbára Ilé Aṣòfin yìí kò ju ti agbani-nímọ̀ràn lọ. Ní ọdún 1986, ilé náà fẹnu kò lórí ìpinnu kan pé kí ìjọba wá nǹkan ṣe sí èéfín kábọ́ọ̀nù tí ń pọ̀ sí i ní òfuurufú. Ọdún méjì gbáko ni èyí fi ṣáájú ìgbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí ojú-ọjọ́ sílẹ̀ ní 1988. Ìpinnu rere ni, ṣùgbọ́n kò de ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń ka irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ sí òfin.

Owó-orí tí kò rí ọ̀nà gbà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1990, àwọn mínísítà fohùn ṣọ̀kan pé èéfín tí orílẹ̀-èdè Yúróòpù yóò máa tú jáde ní ọdún 2000 kò gbọdọ̀ ju iye ti ọdún 1990 lọ. Ó ku bí wọn yóò ṣe mú un ṣẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ gbé àbá owó-orí kan jáde: dọ́là 3 lórí ìwọ̀n agbára tí ó wà nínú àgbá epo rọ̀bì kan ní ọdún 1993, tí yóò máa fi dọ́là kọ̀ọ̀kan gorí ara rẹ̀ lọ́dọọdún títí yóò fi di dọ́là 10 ní ọdún 2000. Ìdajì owó náà yóò wà lórí èéfín, ìdajì kejì lórí agbára fúnra rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi pín in bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Bí ó bá jẹ́ orí èéfín nìkan ni owó náà wà, ilẹ̀ Faransé tí ó ń fi agbára núkílíà pèsè púpọ̀ nínú iná mànàmáná rẹ̀ ìbá bọ́ nínú rẹ̀, àwọn tí ń sun èédú ni ìbá sì ru ẹrù náà.

Àbá náà kò rẹ́ni gbè é dé ibi tí ó ń lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ jálẹ̀, kì í ṣe nítorí iye owó náà nìkan, bí kò ṣe pé wọn kò fẹ́ kí Brussels ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ owó-orí rárá. Àwọn orílẹ̀-èdè bíi Sípéènì, Pọtogí, Gíríìsì àti Ireland, tí ọrọ̀ ajé wọn kò tíì gòkè tó ti àwọn yòókù, sọ pé àwọn kò ní gbà kí owó-orí dá àwọn dúró sí ojú kan. Wọ́n tún ti so àbá náà mọ́ ohun tí Amẹ́ríkà àti Jàpáànù bá ṣe. Àwọn méjèèjì kò sì ṣe nǹkan kan. Carlo Ripa di Meana, kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ àyíká, bínú kọ̀ láti lọ sí àpérò àgbáyé tí ó wáyé ní Rio de Janeiro ní oṣù kẹfà ọdún 1992, nítorí pé ó gbà pé ọwọ́ òfo ni Yúróòpù ń gbé lọ síbẹ̀.

Níbí ni òfin ìdìbò ti wọlé. Àdéhùn Maastricht, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ àyíká, ohùn tí ó pọ̀ jù láàrin àwọn mínísítà tó láti gbé e kọjá. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan náà yọ ohunkóhun tí ó bá jẹ mọ́ owó-orí sọ́tọ̀: gbogbo ìjọba pátá ni ó gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, ìmọ̀ràn lásán ni ti Ilé Aṣòfin. Nítorí náà, ìjọba kan ṣoṣo lè sọ pé òun kò gbà, ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn. Ní ìpàdé Essen ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, àwọn olórí ìjọba fi owó-orí náà sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè tí ó bá wù. Kò kúkú ṣàjèjì sí gbogbo wọn, nítorí pé Finland ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1990, Sweden sì ti ń gbà á láti 1991, ṣáájú kí àwọn méjèèjì tó wọ inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 1995.

Kyoto àti pípín ẹrù

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, ní ìlú Kyoto ní ilẹ̀ Jàpáànù, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù nígbà náà gbà pé àwọn yóò dín èéfín àwọn kù ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún sí iye ti ọdún 1990, láàrin ọdún 2008 sí 2012. Ìdá 15 ni àwọn fúnra wọn ti dábàá kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Amẹ́ríkà ni ó ta kú pé dandan ni kí orílẹ̀-èdè lè ra ẹ̀tọ́ láti tú èéfín lọ́wọ́ ara wọn, nítorí pé wọ́n ti ń lo irú ètò bẹ́ẹ̀ fún èéfín sọ́fọ̀ láti inú òfin wọn ti ọdún 1990. Àwọn aṣojú Yúróòpù kò fẹ́ràn rẹ̀. Lójú wọn, ẹni tí ó fẹ́ fi owó ra ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Òye ọ̀rọ̀ yìí ni ó hàn nínú bí wọ́n ṣe pín ìdá 8 náà láàrin ara wọn ní oṣù kẹfà ọdún 1998. Luxembourg yóò dín ìdá 28 kù, Jámánì àti Denmark ìdá 21 ẹnì kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìdá 12.5. Faransé àti Finland yóò dúró sí ojú kan. Ní ti Pọtogí, wọ́n gbà á láàyè láti fi ìdá 27 lé e, Gíríìsì ìdá 25, Sípéènì ìdá 15, Ireland ìdá 13. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò yin Jámánì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀mí ìfara-ẹni-jìn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́ ní ìlà-oòrùn Jámánì ti wó lulẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ náà di ọ̀kan ní 1990, èéfín wọn sì ti lọ pẹ̀lú wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń fi gáàsì rọ́pò èédú láti pèsè iná mànàmáná fún ìdí òwò. Púpọ̀ nínú ẹrù tí wọ́n gbà láti rù ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Bí ọjà ṣe rọ́pò owó-orí

Ní oṣù kẹta ọdún 2001, George W. Bush kéde pé Amẹ́ríkà kò ní bá wọn dá sí àdéhùn Kyoto. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé ètò ọjà tí Amẹ́ríkà tẹnu mọ́, tí Yúróòpù sì ń ṣe àtakò sí, Yúróòpù ni ó wá gbà á tọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ, tí Margot Wallström jẹ́ kọmíṣọ́nà àyíká rẹ̀, gbé àbá òfin jáde. Ìjọba yóò fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé-ẹ̀tọ́ tí ó bá iye èéfín kan mu. Ẹni tí ó bá tú kéré sí ìwọ̀n yẹn lè ta èyí tí ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá tú jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ rà sí i tàbí kí ó san owó ìtanràn.

Àbá yìí kì í ṣe owó-orí lójú òfin, àyíká ni ó jẹ mọ́. Ìjọba kan ṣoṣo kò lè dá a dúró mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, Àdéhùn Amsterdam tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1999 ti sọ Ilé Aṣòfin di alájọṣe pẹ̀lú àwọn mínísítà lórí òfin àyíká. Ilé tí ń gbani nímọ̀ràn lásán ní 1992 ti di ilé tí ó lè sọ pé rárá.

Jorge Moreira da Silva, ọmọ ilé láti Pọtogí, ni ó darí àbá náà ní Ilé Aṣòfin. Kókó ìjà ni bóyá kí wọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́ ní ìwé-ẹ̀tọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n tà á fún wọn. Ilé Aṣòfin fẹ́ kí wọ́n ta lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ti dábàá pé kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, ìjọba Jámánì sì ń ṣàníyàn nípa àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2003, wọ́n bára wọn ṣe ní agbede méjì: ó kéré tán ìdá 95 yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ láàrin 2005 sí 2007, ìdá 90 láàrin 2008 sí 2012. Ìtanràn yóò jẹ́ yúrò 40 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò sì di 100 lẹ́yìn náà. Ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2003 ni òfin náà jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, òfin owó-orí lórí agbára, àtọmọdọ́mọ àbá ọdún 1992, jáde pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo ìjọba ni ó gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé e lórí, àyàsọ́tọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ débi pé agbára rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ọjà náà ṣí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005. Ní 2006, nígbà tí ìṣirò èéfín àkọ́kọ́ jáde, ó hàn gbangba pé ìwé-ẹ̀tọ́ tí àwọn ìjọba pín ju èéfín tí àwọn ilé iṣẹ́ tú lọ. Owó rẹ̀ já wálẹ̀, nígbà tí ọdún 2007 sì ń parí lọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ tà mọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ mànàmáná kan tilẹ̀ ti fi iye owó ìwé-ẹ̀tọ́ tí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kún owó iná tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú. Èyí gan-an ni ewu tí títa ìwé-ẹ̀tọ́ ìbá dín kù.

Ipa rẹ̀ ní òkè òkun: àpẹẹrẹ Kwale

Ní ọdún 2004, òfin mìíràn gba àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù láàyè láti lo ìwé-ẹ̀rí láti orílẹ̀-èdè tí ń gòkè àgbà, bí iṣẹ́ kan bá dín èéfín kù níbẹ̀. Wọn kò gba ti agbára núkílíà, wọn kò sì gba ti igbó gbíngbìn. Nàìjíríà wọ inú ètò náà nípasẹ̀ Kwale ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ní ọdún 2006, wọ́n forúkọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí yóò kó gáàsì tí wọn ìbá sun dànù, tí yóò sì darí rẹ̀ sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ní Okpai. Iṣẹ́ náà wúlò. Síbẹ̀, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 ti fòfin de sísun gáàsì dànù láìgba àṣẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984. Ọjà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Strasbourg wá ń san owó fún jíjáwọ́ nínú ohun tí òfin ilé ti ní kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ ní ogún ọdún ó lé ṣáájú. Àwọn tí ń gbé ní etí iná gáàsì wọ̀nyẹn kò sí lára àwọn tí ń tà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí lára àwọn tí ń rà.

Láti Paris sí ẹnu ibodè

Àdéhùn Lisbon tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2009 fi kún agbára Ilé Aṣòfin lórí àdéhùn pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2016, ilé náà dìbò lórí Àdéhùn Paris, tí Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, jókòó láàrin wọn: ọmọ ilé 610 gbà á, 38 kọ̀ ọ́, 31 kò dá sí i. Ìbò yẹn wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àdéhùn náà di òfin káàkiri ayé ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e.

Ìlànà pé gbogbo ìjọba gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí owó-orí ṣì wà síbẹ̀. Nígbà tí àwọn aṣòfin fẹ́ kí èéfín tí ó wà nínú ọjà tí ń ti ilẹ̀ òkèèrè wọlé náà ní iye tirẹ̀, wọn kò pè é ní owó-orí, wọn kò sì pè é ní owó ibodè. Wọ́n pè é ní ìlànà ìmúbádọ́gba lórí kábọ́ọ̀nù ní ẹnu ibodè, wọ́n sì gbé e gba ọ̀nà òfin àyíká. Ilé Aṣòfin gbà á ní oṣù kẹrin ọdún 2023, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí i kó àkọsílẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún náà. Irin, símẹ́ǹtì, ajílẹ̀ òyìnbó, alumíníọ̀mù, háídírójìn àti iná mànàmáná ni ó kàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 ni ọ̀ranyàn àtirà ìwé-ẹ̀rí fún irú ọjà bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́rùn ẹni tí ń kó o wọ Yúróòpù.

Ní ọdún tí wọ́n ṣe òfin náà, Mozambique wà lára àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù, nítorí pé Yúróòpù ni púpọ̀ nínú alumíníọ̀mù tí wọ́n ń yọ́ nítòsí Maputo ń lọ. Ìpín ẹrù ọdún 1998 fún Pọtogí láàyè láti fi ìdá 27 kún èéfín rẹ̀ nítorí pé Pọtogí ní àga láàrin àwọn tí ń pín in. Mozambique, tí Pọtogí jọba lé lórí títí di ọdún 1975, kò ní àga kankan ní Brussels tàbí ní Strasbourg.