Ìgbìmọ̀ Tẹ̀ẹ́kótó Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ Nàìjíríà

Ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó ni àwọn aṣòfin díẹ̀ tí ilé yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ kan wò fínnífínní kí gbogbo ilé tó dá sí i. Abala 62 ìwé òfin 1999 ló fún Ilé Aṣòfin Àgbà (ọmọ ilé 109) àti Ilé Aṣojú-ṣòfin (ọmọ ilé 360) láṣẹ láti gbé wọn kalẹ̀. Aṣòfin kan lè wà nínú ìgbìmọ̀ tó ju ẹyọ kan lọ.

Bí àbádòfin bá ti la kíkà kejì kọjá, ọwọ́ ìgbìmọ̀ ló ń bọ́ sí. Wọ́n á pe aráàlú àti àwọn onímọ̀ sí ìjókòó ìtagbangba, wọ́n á tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe, wọ́n á sì jábọ̀. Wọn ò lè fọwọ́ ara wọn sọ ọ́ di òfin. Abala 62 kan náà ló dè wọ́n lọ́wọ́.

Lásìkò ìṣúná, àwọn mínísítà ni ìgbìmọ̀ ń pè wá ṣàlàyé owó. Abala 89 jẹ́ kí ìgbìmọ̀ lè fi ìwé àṣẹ mú ẹni tó kọ ìpè, ọlọ́pàá á sì jíṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ tó nira jù, tí kì í sì í pariwo, ni ti ìgbìmọ̀ ìṣirò owó ìjọba. Abala 85 ní kí Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà gbé ìròyìn rẹ̀ wá láàárín ọjọ́ 90 lẹ́yìn tó bá gba ìwé ìṣirò. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń tú u wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ilé àpapọ̀ nìkan ló ní ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó: abala 103 fún àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ pẹ̀lú láṣẹ láti yan tiwọn.