Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Òfin Òdiwọ̀n Owó Eléré nínú Líìgì Họ́kì Orí Yìnyín NHL

Àṣamọ̀

Ní ọdún 2005, líìgì NHL, ìyẹn líìgì họ́kì orí yìnyín tí ó lókìkí jù lọ ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, gbé òfin kalẹ̀ pé iye kan wà tí ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ná kọjá lórí owó iṣẹ́ àwọn eléré rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé kí ẹgbẹ́ ìlú kékeré lè bá ti ìlú ńlá figa gbága. Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn òfin náà láti ìgbà ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930 títí di àkókò yìí. Ó fi hàn pé òfin náà kò pa agbára owó run. Ńṣe ni ó gbé e kúrò lórí ríra eléré lọ sí orí ìṣirò àti mímọ ojú òfin. Ó sì fi hàn pé eléré alábọ́dé ni ẹrù rẹ̀ wọ̀ lọ́rùn jù.

1.0 Ìfáárà

Nínú họ́kì orí yìnyín, eléré mẹ́fà mẹ́fà, aṣọ́lé pẹ̀lú wọn, ni ikọ̀ méjì máa ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà. Bàtà onírin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbá rọ́bà líle pẹlẹbẹ sínú àwọ̀n. Ìlú Montreal ní Kánádà ni wọ́n ti dá líìgì NHL sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kọkànlá ọdún 1917. Ní sáà 2025–26, ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú rẹ̀: 25 ní Amẹ́ríkà, 7 ní Kánádà.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Bí eku bá ṣe tóbi tó ni ilé rẹ̀ ṣe ń tóbi tó. Òfin tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí yí òwe náà po: ìtẹ́ kan náà ni ó là sílẹ̀ fún gbogbo eku, ìbáà ṣe èyí tí ó ń gbé New York, ìbáà ṣe èyí tí ó ń gbé Winnipeg. Ìbéèrè tí ó ṣe kókó níhìn-ín ni pé: nígbà tí eku bá dàgbà ju ìtẹ́ lọ, ta ni ó ń bọ́ síta?

2.0 Ìgbà tí àwọn oní-ẹgbẹ́ nìkan ń pàṣẹ

Èrò pé kí a fi òdiwọ̀n sí owó eléré kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1925, àwọn eléré ẹgbẹ́ Hamilton Tigers kọ̀ láti gbá ìdíje àṣekágbá àyàfi tí wọ́n bá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní 200 dọ́là, nítorí pé ìdíje sáà náà ti pọ̀ sí i láti 24 sí 30 láìsí àfikún owó. Líìgì kò gbà. Wọ́n fi òfin de àwọn eléré náà, wọ́n sì tà wọ́n fún ẹgbẹ́ tuntun kan ní New York. Hamilton, tí ó ṣe ipò kìíní ní sáà náà, pàdánù ẹgbẹ́ rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí ọ̀dá owó bo gbogbo ayé mọ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, líìgì fi òdiwọ̀n sí iye tí ẹgbẹ́ lè ná, títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ dé 62,500 dọ́là fún ẹgbẹ́ kan àti 7,000 dọ́là fún eléré kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àádọ́rin ọdún: àwọn ẹgbẹ́ kan ní láti fi àwọn ìràwọ̀ wọn tí owó wọn wọ́n sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kí ìṣirò wọn lè bá òfin mu. Kò sí ẹni tí ó bi àwọn eléré léèrè, nítorí pé wọn kò ní ẹgbẹ́ tí ó ń gbẹnu sọ fún wọn. Nígbà tí Ted Lindsay ti ẹgbẹ́ Detroit gbìyànjú láti dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1957, kíá ni wọ́n gbé e lọ sí Chicago. Ọdún 1967 ni ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn eléré, NHLPA, tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

3.0 Ọjà tí ó ṣí sílẹ̀ àti àwọn ìlú tí ó pàdánù

Ní ọdún 1972, líìgì mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ WHA dìde láti bá NHL du eléré. Bobby Hull kúrò ní Chicago lọ sí Winnipeg, ó sì gba mílíọ̀nù kan dọ́là fún fífọwọ́ sí ìwé àdéhùn nìkan. Láti ìgbà náà ni àwọn eléré ti mọ iye tí àwọn tó lọ́jà. WHA kógbá sílé ní 1979, mẹ́rin nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wọ NHL: Edmonton, Winnipeg, Quebec àti Hartford.

Ìtàn ẹgbẹ́ mẹ́rin yìí ni àwọn oní-ẹgbẹ́ máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìdí tí òfin fi pọn dandan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1988, Edmonton gbé Wayne Gretzky, ẹni tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá àwọn eléré họ́kì, fún Los Angeles. Mílíọ̀nù 15 dọ́là wà lára ohun tí wọ́n gbà. Ẹgbẹ́ Quebec kó lọ sí Denver ní 1995, ti Winnipeg kó lọ sí Phoenix ní 1996, ti Hartford sì kó lọ sí Carolina ní 1997. Dọ́là Amẹ́ríkà ni àwọn ẹgbẹ́ Kánádà fi ń san owó eléré, dọ́là Kánádà sì ni àwọn òǹwòran wọn ń san wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, dọ́là Kánádà kan kò ju nǹkan bí 62 sẹ́ńtì Amẹ́ríkà lọ.

Ní ìdàkejì, ẹgbẹ́ olówó kò ní ìjánu. Ní ọdún 1997, New York Rangers fi mílíọ̀nù 21 dọ́là fún ọdún mẹ́ta lọ Joe Sakic ti Colorado, mílíọ̀nù 15 nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó ìfọwọ́síwèé. Colorado ní láti san iye kan náà kí ó má bàa pàdánù rẹ̀. Ní 2003–04, owó eléré ẹgbẹ́ Detroit lé ní mílíọ̀nù 70 dọ́là.

4.0 Ìtìlẹ̀kùn ọdún 2004 àti òfin tuntun

Gary Bettman, tí ó di kọmíṣánnà líìgì ní 1993, ti gbìyànjú láti fi òdiwọ̀n lélẹ̀ ní 1994. Àwọn oní-ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn eléré nígbà náà, sáà kúrú sí ìdíje 48 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Lẹ́ẹ̀kejì, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, wọ́n tún ti ilẹ̀kùn. Àwọn eléré, lábẹ́ ìdarí Bob Goodenow, ní àwọn kò fẹ́ òdiwọ̀n rárá. Nígbà tí wọ́n sì wá gbà pé kí ó wà, àwọn oní-ẹgbẹ́ dá mílíọ̀nù 42.5 dọ́là, àwọn eléré béèrè fún mílíọ̀nù 49. Àárín wọn kò ju mílíọ̀nù 6.5 lọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ọdún 2005, Bettman kéde pé sáà náà ti parí láìbẹ̀rẹ̀. Ìdíje 1,230 lọ bẹ́ẹ̀. Láti 1919, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lukúlukú dá àṣekágbá dúró, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gba ife-ẹ̀yẹ Stanley.

Ní oṣù keje, àwọn eléré gbà. Òdiwọ̀n náà sì kéré sí ohun tí wọ́n ti kọ̀ tẹ́lẹ̀: mílíọ̀nù 39 dọ́là. Wọ́n gé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú gbogbo àdéhùn tí ó wà nílẹ̀. Wọ́n sì so òdiwọ̀n pọ̀ mọ́ owó tí ń wọlé fún líìgì, ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti àwọn eléré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà padà ni òmìnira: tẹ́lẹ̀, eléré ní láti pé ọdún 31 kí ó tó lè lọ sí ibi tí ó wù ú, òfin tuntun mú un sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dé ọdún 27.

5.0 Bí iṣẹ́ alákòóso ṣe di ìṣirò

Láti ìgbà náà ni alákòóso ẹgbẹ́ ti ní ọ̀gá tuntun, ìyẹn ìwé ìṣirò. Eléré 23 ni ó lè ní nínú ikọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe iye tí ó san fún eléré lọ́dún ni wọ́n ń kà sí i lọ́rùn. Àpapọ̀ owó àdéhùn ni wọ́n ń pín sí iye ọdún rẹ̀. Eléré tí ó gba mílíọ̀nù 30 fún ọdún mẹ́fà yóò gba ààyè mílíọ̀nù márùn-ún lọ́dọọdún. Eléré kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá márùn-ún òdiwọ̀n lọ. Òdiwọ̀n ìsàlẹ̀ pẹ̀lú wà tí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ná kéré sí.

Nítorí náà, ọ̀dọ́ di wúrà. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́ bá wọ líìgì, òfin ti dín owó rẹ̀ kù. Ẹgbẹ́ tí ọ̀dọ́ rẹ̀ bá tètè mọ eré náà ń jẹ adùn rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n adùn náà kì í pẹ́. Ọjọ́ tí àdéhùn wọn bá pé ni gbèsè ń dé.

6.0 Àpẹẹrẹ Chicago, 2010

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere tó Chicago Blackhawks. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2010, Patrick Kane gbá rọ́bà wọ àwọ̀n Philadelphia, Chicago sì gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ láti 1961. Ní oṣù kejìlá tí ó ṣáájú, ẹgbẹ́ náà ti fún Kane àti Jonathan Toews ní àdéhùn mílíọ̀nù 6.3 dọ́là lọ́dún kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ti fún Duncan Keith ní àdéhùn ọdún mẹ́tàlá. Òdiwọ̀n sáà tí ń bọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 59.4. Owó ẹ̀bùn tí àwọn eléré jẹ nínú sáà ìṣẹ́gun pàápàá tún jẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 4 nínú rẹ̀.

Kò tó ọjọ́ ogún lẹ́yìn ìṣẹ́gun tí títú ikọ̀ náà ká bẹ̀rẹ̀. Dustin Byfuglien, ẹni tí ó jẹ góòlù 11 nínú ìdíje àṣekágbá, lọ sí Atlanta pẹ̀lú Brent Sopel àti Ben Eager. Kris Versteeg lọ sí Toronto. Andrew Ladd tẹ̀ lé àwọn ti Atlanta. Nígbà tí ẹgbẹ́ San Jose fi mílíọ̀nù 14 fún ọdún mẹ́rin lọ Niklas Hjalmarsson, Chicago san iye kan náà láti mú un dúró. Ìdúró rẹ̀ sì ni ó lé aṣọ́lé náà, Antti Niemi, jáde. Onílàjà ní kí wọ́n fún Niemi ní mílíọ̀nù 2.75, Chicago kò ní ààyè iye bẹ́ẹ̀ mọ́. San Jose kan náà ni Niemi lọ. Ní 2011, Chicago kò kọjá ìpele kìíní àṣekágbá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, òfin náà ń fìyà jẹ ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọmọ dáadáa gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fìyà jẹ èyí tí ó ń náwó nínàákúnàá. Kò mọ̀yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Èkejì, kì í ṣe àwọn ìràwọ̀ ni ó bọ́ síta. Toews, Kane àti Keith dúró, wọ́n sì tún gba ife-ẹ̀yẹ ní 2013 àti 2015. Àwọn tí ó bọ́ síta ni àwọn alábọ́dé, tí iṣẹ́ wọn ṣe pàtàkì ṣùgbọ́n tí a lè fi olówó pọ́ọ́kú rọ́pò. Síbẹ̀, àkísà ẹnì kan ni aṣọ ẹlòmíràn: ní ọdún 2011, ẹgbẹ́ Atlanta kó lọ sí Winnipeg, ìlú tí owó ti gba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1996. Byfuglien bá wọn lọ, Ladd sì di balógun ikọ̀ náà níbẹ̀.

7.0 Bí ògiri bá lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nítorí pé ìpíndọ́gba ọdún ni wọ́n ń kà, àwọn alákòóso bẹ̀rẹ̀ sí í fa àdéhùn gùn. Ní oṣù keje 2010, New Jersey fún Ilya Kovalchuk ní mílíọ̀nù 102 dọ́là fún ọdún 17. Mílíọ̀nù 95 nínú rẹ̀ wà nínú ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, àdéhùn náà yóò sì parí nígbà tí ó bá pé ọdún 44. Líìgì kọ̀ ọ́, onílàjà gbè é lẹ́yìn, wọ́n sì bu ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta fún ẹgbẹ́ náà. Lẹ́yìn ìtìlẹ̀kùn 2012–13, àdéhùn kò gbọdọ̀ ju ọdún mẹ́jọ lọ mọ́, ìpín àwọn eléré sì wá sílẹ̀ sí ìdajì.

Wọ́n di ihò kan, òmíràn yọ. Ní 2016, Pavel Datsyuk fi Detroit sílẹ̀ lọ sílé ní Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 7.5 rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn ẹgbẹ́ náà. Detroit fi ìwé àdéhùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Arizona, ẹgbẹ́ aláìlówó tí ó ń wá bí yóò ṣe dé òdiwọ̀n ìsàlẹ̀ láìsan owó gidi. Arizona gba orúkọ ẹni tí kò ní wọ aṣọ rẹ̀ láéláé. Ní 2020–21, Nikita Kucherov ti Tampa Bay, tí ààyè rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 9.5, fi iṣẹ́ abẹ pàdánù gbogbo ìdíje sáà. Òfin gba ẹgbẹ́ láyè láti fi ẹlòmíràn dí àlàfo aláìsàn. Ó padà ní ọjọ́ kìíní àṣekágbá, níbi tí òdiwọ̀n kò ti de ẹnikẹ́ni, Tampa Bay sì gba ife-ẹ̀yẹ. Sáà 2025–26 ni wọ́n tó fi òdiwọ̀n dé àṣekágbá pẹ̀lú.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun tí òfin náà ṣe. Winnipeg tún ní ẹgbẹ́. Kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó lè fi owó nìkan ra gbogbo ìràwọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ kan náà kò sọ eku di dọ́gba. Owó tí a kò tí ì yọ owó orí kúrò nínú rẹ̀ ni òdiwọ̀n ń kà. Ìpínlẹ̀ Florida kò sì gba owó orí lórí owó iṣẹ́. Láti 1993 tí Montreal ti gba ife-ẹ̀yẹ, títí di òpin sáà 2024–25, ẹgbẹ́ Kánádà kankan kò gbà á mọ́.

Nígbà tí àrùn Kòrónà ṣẹ́ owó tí ń wọlé kù, òdiwọ̀n dúró sí mílíọ̀nù 81.5 láti 2019–20 títí di 2021–22. Àwọn ìràwọ̀ gba owó wọn, ọ̀pọ̀ alábọ́dé sì gba èyí tí ó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀. Òdiwọ̀n ti gòkè dé mílíọ̀nù 95.5 ní 2025–26, ṣùgbọ́n bí ìtẹ́ bá ti ń fẹ̀ ni àwọn eku ńlá ń nà sí i. Ìdáhùn sí ìbéèrè ìfáárà kò yí padà láti ìgbà ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930: òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo àwọn ìlú kékeré lọ́wọ́ àwọn olówó, àwọn eléré tí kò lókìkí ni ó ń san owó rẹ̀.