Ètò Ìṣáná Ẹ́ńjìnnì Atomic 4 Nínú Ọkọ̀ Onígbòkun: Ìtàn Ìtọ́jú àti Ìpààrọ̀ Rẹ̀

1.0 Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn bá ń kọ̀wé lórí ọkọ̀ ojú omi, ohun ńlá ni wọ́n sábà máa ń gbájú mọ́: ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ ẹrù, èbúté àti òwò tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ohun pẹ́pẹ̀pẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn ń tọ́jú lójoojúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ìwé. Síbẹ̀, Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì Atomic 4. Ilé-iṣẹ́ Universal Motor Company ní ìlú Oshkosh, ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù yìí fún ọkọ̀ onígbòkun títí di ọdún 1984.

Ẹ́ńjìnnì náà tó nǹkan bí 40,000 lápapọ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ló dé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe wọn? Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ni pé irin wọn nípọn, ó sì lágbára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n irin nìkan kò lè mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí iná kò bá ṣá. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ẹ̀yà ìṣáná Atomic 4 jọ ti ọkọ̀ orí ilẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí ni ó mú kí ẹ́ńjìnnì náà pẹ́ láyé. Èyí kan náà ni ó sì tún ṣílẹ̀kùn ewu fún àwọn tó ń lò ó.

2.0 Orírun Ètò Ìṣáná

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò nílò ẹ̀ta iná, nítorí ooru afẹ́fẹ́ tí ó fún pọ̀ nínú sìlíńdà ni ó ń jó epo rẹ̀. Ti pẹtiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Pẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ tó dà pọ̀ ń dúró de ẹ̀ta iná, bí ẹ̀tù inú ìbọn ìbílẹ̀ ṣe ń dúró de akọ òkúta. Ẹnu púlọ́ọ̀gì ni ẹ̀ta iná náà ti ń jáde, ṣùgbọ́n fóltì 12 tí bátìrì ní kò lè fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ó di dandan kí nǹkan kan sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì. Iṣẹ́ kọ́ìlì nìyẹn.

Kọ́ìlì ti wà ṣáájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ní Paris, Heinrich Ruhmkorff ṣe irú rẹ̀ kan tó gbayì ní ọdún 1851. Ní ọdún 1853, Hippolyte Fizeau fi kọ̀ndẹ́ńsà kún un kí ẹ̀ta iná má baà máa jó ẹnu irin tó ń já agbára mànàmáná. Étienne Lenoir lo kọ́ìlì láti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ọdún 1860. Ní Jámánì, Gottlob Honold tó ń bá Robert Bosch ṣiṣẹ́ gbé mágínẹ́tò alágbára jáde ní ọdún 1902, èyí tí kò nílò bátìrì rárá.

Ọwọ́ Charles Kettering ni ètò tó wá borí àwọn yòókù ti wá. Òun àti Edward Deeds dá ilé-iṣẹ́ Delco sílẹ̀ ní ìlú Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọdún 1909, ètò ìṣáná wọn sì wọ inú ọkọ̀ Cadillac láìpẹ́ sí ìgbà náà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bátìrì ń gbé agbára lọ sínú kọ́ìlì. Kọ́ńtáàtì tó wà nínú dísítíríbútọ̀ ń ṣí, ó sì ń pa dé. Bí ó bá ti ṣí báyìí, agbára inú kọ́ìlì yóò wó lójijì, fóltì yóò sì ga sókè. Rótọ̀ yóò wá pín in fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tirẹ̀. Ètò yìí kan náà ni ó wà nínú Volkswagen ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún 1975, òun náà ni ó sì wà nínú Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kaduna láti ọdún kan náà. Mẹkáníìkì tó bá ti tún kọ́ńtáàtì ìjàpá ṣe rí kò ní ṣe àjèjì sí inú dísítíríbútọ̀ Atomic 4.

3.0 Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Sùn

Ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú Atomic 4 ni Utility Four, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà lò púpọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Sìlíńdà 4 ni Atomic 4 ní, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí ti ẹṣin 30. Àsìkò tó dára ni ó jáde. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, fáíbágíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò igi nínú kíkan ọkọ̀ onígbòkun, ọ̀pọ̀ ẹni tí kì í ṣe olówó ńlá sì ráyè ra ọkọ̀ tiwọn. Pearson Triton, tí Carl Alberg ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì fi hàn ní New York ní ọdún 1959, wà lára àwọn tó gbé Atomic 4 sínú. Tartan 34 àti Catalina 30 náà tẹ̀ lé e.

Nínú ọkọ̀ onígbòkun, afẹ́fẹ́ ni ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì kàn jẹ́ olùrànlọ́wọ́ ni. Ẹni tó ni ọkọ̀ ń lò ó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú láti jáde ní èbúté, ó sì tún ń lò ó láti wọlé padà. Ibí yìí gan-an ni ìtàn ìṣáná rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ń gbóná, ooru rẹ̀ sì ń lé ọ̀rinrin jáde. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ onígbòkun lè sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lábẹ́ àtẹ̀gùn, nínú afẹ́fẹ́ tó lómi tó sì níyọ̀. Ọ̀rinrin yóò hu nínú ìdérí dísítíríbútọ̀, ìdọ̀tí fẹ́lẹ́ yóò bo ẹnu kọ́ńtáàtì, bàbà inú wáyà yóò sì dọ̀bẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá sì tan ẹ́ńjìnnì náà, tí wọ́n pa á kí ó tó gbóná dáadáa, èédú dúdú yóò bo ẹnu púlọ́ọ̀gì.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí le ni àsìkò tí wọ́n máa ń nílò ẹ́ńjìnnì náà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ dáadáa lójú agbami, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kú ní ẹnu èbúté, tí ìṣàn omi sì ń ti ọkọ̀ sí ìhà àpáta, ni wọ́n ń tan án. Bí kọ́ńtáàtì tí kò tóbi ju èékánná lọ bá kọ̀ láti gbé agbára kọjá lásìkò náà, ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ wà nínú ewu.

4.0 Ìtọ́jú àti Ìpààrọ̀

Ìṣirò kékeré kan yóò fi iṣẹ́ tí ẹ̀yà wọ̀nyí ń ṣe hàn. Bí ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà 4 yìí bá ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀ta iná 3,000 ni ó nílò. Èyí já sí pé kọ́ńtáàtì yóò ṣí, yóò sì pa dé, ní ìgbà 180,000 láàárín wákàtí kan. Kò sí bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe ní jẹ nǹkan run.

Ibi méjì ni jíjẹ náà ti ń hàn. Èkíní ni ẹnu kọ́ńtáàtì, tí iná ń jó di kòtò àti gegele. Bí kọ̀ndẹ́ńsà bá ti bàjẹ́, jíjó yìí yóò yára gan-an. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì fi sábà ń pààrọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Ibi kejì ni ẹsẹ̀ tí kọ́ńtáàtì fi ń gun ara ọ̀pá tó ń yí. Bí ẹsẹ̀ yìí bá ti jẹ, àlàfo ẹnu kọ́ńtáàtì yóò dín kù, ẹ̀ta iná yóò sì máa pẹ́ dé. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní kú lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára rẹ̀ ni yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ kan tí yóò kọ̀ láti tan.

Àlàfo tó yẹ ẹnu kọ́ńtáàtì kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ; ti ẹnu púlọ́ọ̀gì jẹ́ ínṣì 0.035, tí kò tó mìlímítà kan. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, nígbà tí ọ̀pá bá ti ṣí kọ́ńtáàtì dé òpin. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń tún àsìkò ìṣáná wò, nítorí pé bí àlàfo bá ti yí padà, àsìkò náà ti yí padà.

Ẹni tó bá fi ìmọ̀ ọkọ̀ orí ilẹ̀ nìkan wọ inú iṣẹ́ yìí lè ṣìṣe lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni títo wáyà púlọ́ọ̀gì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onísìlíńdà 4, Peugeot 504 pẹ̀lú, ń ṣáná ní 1, 3, 4, 2. Atomic 4 ń ṣáná ní 1, 2, 4, 3. Ọ̀nà kejì ni pé kì í ṣe irú dísítíríbútọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n lò. Delco wà, Prestolite sì wà. Kọ́ńtáàtì ọ̀kan kì í bá èkejì mu.

5.0 Ewu Inú Ikùn Ọkọ̀

Atẹ́gùn tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, yóò wálẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò sì gbé e lọ. Ikùn ọkọ̀ ojú omi dà bí ìkòkò: ohun tó bá wọ inú rẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo tó bá bọ́ sí òde ẹ́ńjìnnì lè fọ́ ọkọ̀ náà túútúú.

Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1940 lórí ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò ti pàṣẹ pé kí ohun tó ń dá ọwọ́ iná padà wà lẹ́nu kabúrétọ̀, kí afẹ́fẹ́ sì máa rí ọ̀nà gba inú ikùn ọkọ̀. Òfin ti ọdún 1971 tún fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lágbára láti gbé ìlànà kalẹ̀ fún àwọn tó ń kan ọkọ̀. Lára ìlànà tó tibẹ̀ jáde ni pé ẹ̀yà mànàmáná tó wà nítòsí ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù kò gbọdọ̀ lè tan iná sí atẹ́gùn epo. Láti ìgbà náà, ẹni tó fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé òun ní láti kọ́kọ́ fi fáànù fẹ́ inú ikùn ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 4.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kan ọkọ̀ ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ń dè jù. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀yà ní ọjọ́ ìsinmi, tó rí sítátà ọkọ̀ orí ilẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu ní owó pọ́ọ́kú, kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ìrísí àwọn méjèèjì lè má yàtọ̀. Ọ̀kan ní ìdè tó ń sé ẹ̀ta iná mọ́nú, èkejì kò ní.

6.0 Lẹ́yìn Ọdún 1984

Kí ọdún 1984 tó dé, Universal fúnra rẹ̀ ti ń ta dísẹ́ẹ̀lì tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ́ńjìnnì katakata Kubota. Ìbẹ̀rù iná ni àwọn ènìyàn sábà ń sọ pé ó lé pẹtiróòlù kúrò. Ó yẹ kí wọ́n fi ìnira ìṣáná kún un. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní kọ́ńtáàtì kò ní kọ́ńtáàtì tí yóò dọ̀tí.

Síbẹ̀ Atomic 4 kò parẹ́. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké, irú Moyer Marine, ń pèsè ẹ̀yà fún un. Ìyípadà tó ṣe pàtàkì jù ni ìṣáná tí kò ní kọ́ńtáàtì, tí wọ́n gbé karí ohun tí Edwin Hall ṣàwárí ní ọdún 1879. Òrùka oní-mágínẹ́ẹ̀tì ń yí lára ọ̀pá dísítíríbútọ̀, ẹ̀yà kékeré kan sì ń mọ̀ ọ́n bí ó ṣe ń kọjá. Kò sí àlàfo tí yóò jẹ. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì gbọ́dọ̀ bá a mu: bí ìdènà kọ́ìlì bá jẹ́ óòmù 3, bátìrì fóltì 12 yóò ti ámpíà 4 gba inú rẹ̀, bí ó bá jẹ́ óòmù 1.5, ó di ámpíà 8, ooru rẹ̀ yóò sì le. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ́ńtáàtì máa ń ṣàìsàn kí ó tó kú, ẹ̀yà tuntun yìí sì lè kú láìṣàìsàn. Ọlọ́gbọ́n a máa fi kọ́ńtáàtì àti kọ̀ndẹ́ńsà pamọ́ sínú ọkọ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé ọjọ́ orí ẹ̀rọ kò sinmi lórí irin rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe lórí bí ó ti rọrùn tó láti rí ẹ̀yà tó ń jẹ, àti láti mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Kettering ṣe ètò tó tàn ká orí ilẹ̀. Universal yá a lò lórí omi. Nítorí pé orí ilẹ̀ ni ẹ̀yà náà ti wá, ó wà ní ibi gbogbo. Nítorí ìdí kan náà, ewu wà nínú kí ènìyàn gbàgbé pé ikùn ọkọ̀ kì í ṣe ojú títì. Àwọn tó mú Atomic 4 dé òní ni àwọn tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n yá lọ́wọ́ orí ilẹ̀, tí wọ́n sì mọ èyí tí kò yẹ kí wọ́n yá.