Ẹ̀tọ́ Ẹnìkan Láàrin Ọ̀pọ̀ Ènìyàn

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń gbé ní Becontree Heath, ẹ jẹ́ kí a rántí pé oko ẹ̀fọ́ ni ó pọ̀ jù ní àyíká wa yìí tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn òfin ilé gbígbé ti ọdún 1919, London County Council fi agbára òfin ra ilẹ̀ náà. Láti 1921 títí di 1935, wọ́n kọ́ ilé bíi 26,000 sí orí rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé há mọ́ ní London. Oore ńlá ni fún ọ̀pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n orí oko ẹlòmíràn ni oore náà ti hù.

Ní ọdún 1921 kan náà, ní London níhìn-ín, Privy Council dá ẹjọ́ ọmọ Yorùbá kan. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, tí í ṣe mùsùlùmí, ni ó pẹjọ́. Ìjọba amúnisìn ti gba ilẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Àpápá fún ìlò gbogbogbòò. Ilé ẹjọ́ Èkó ní àṣẹ àbójútó nìkan ni olóyè ní lórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì sanwó lórí ìyẹn nìkan. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi wá síhìn-ín. Viscount Haldane ka ìdájọ́ pé àwọn ènìyàn Olúwa ni ó ni ilẹ̀ náà pátápátá, iye odidi ilẹ̀ ni kí ìjọba sì wò san. Ilé ẹjọ́ kò ní kí ìjọba má gba ilẹ̀. Ohun tí ó kọ̀ ni kí wọ́n gbà á ní owó pọ́ọ́kú.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Mọ̀dínà. Àwọn òpìtàn gbà á wá pé nígbà tí Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) fẹ́ mú mọ́sálásí Ànábì gbòòrò, ilé Abbas, àbúrò bàbá Ànábì, wà lójú ọ̀nà. Abbas kò tà á. Umar, olórí gbogbo mùsùlùmí, kò fi agbára wó o. Àwọn méjèèjì gba ọ̀dọ̀ Ubayy ọmọ Ka'b lọ fún ìdájọ́. Ubayy dá Abbas láre. Ìgbà tí ó jàre tán ni Abbas fi ilé náà tọrẹ fún àwọn mùsùlùmí.

Yorùbá ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Àwọn onímọ̀ fiqh náà gbà pé a lè fara da ìnira ẹnìkan kí ìnira má baà kan gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n sọ pé ọ̀ranyàn kì í pa ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn rẹ́. Nítorí náà, owó gbà-má-bínú kò tó. Iye tí nǹkan náà tó gan-an ni ẹ̀tọ́. Ìyọ̀ǹda kì í sì í ṣe ìyọ̀ǹda, àfi bí ẹni náà bá láyè láti kọ̀.

Bí a bá gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò ní ọjọ́ Jímọ̀, nítorí pé àwa pọ̀, òun sì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, ibi tí Umar dúró kọ́ ni a dúró sí. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí pípọ̀ wa di àbòsí fún ẹnikẹ́ni. Àmín.