Ìtúnṣe ère ìbejì

Ìtúnṣe ère ìbejì jẹ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ère igi kékeré tí àwọn Yorùbá máa ń gbẹ́ fún ìbejì tí ó ti kú. Osùn, aró, aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Láyé àtijọ́, ìyá ìbejì tàbí obìnrin mìíràn nínú ẹbí ni ó máa ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lóde òní, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń tọ́jú ère ìbejì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Abẹ́òkúta, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, wà lára àwọn ìlú tí òkìkí wọn kàn jù nídìí gbígbẹ́ ère ìbejì.

Ìpìlẹ̀

Àwọn Yorùbá wà lára àwọn ènìyàn tí ó ń bí ìbejì jù lọ ní àgbáyé. Ìbejì sábà máa ń kéré nígbà ìbí, nítorí náà púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kú kí ìtọ́jú ìlera òde òní tó dé. Nínú ìgbàgbọ́ àbáláyé, Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ní ọkàn kan náà ni. Bí ọ̀kan bá kú, ewu ń bẹ fún èkejì. Àwọn òbí a máa lọ sọ́dọ̀ babaláwo, Ifá a sì sọ bóyá kí wọ́n gbẹ́ ère.

Ère náà sábà máa ń ga tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ni ó kú, ìrísí àgbàlagbà ni agbẹ́gilére máa ń fún un. Ní Abẹ́òkúta, agbo ilé Adugbologe ní Ìtòkò jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìdílé agbẹ́gilére tí a mọ̀ dáadáa. Ère ìbejì kì í ṣe ọmọlangidi, èyí tí àwọn ọmọbìnrin máa ń pọ̀n ṣeré.

Ohun èlò

* Osùn: ìyẹ̀fun pupa tí a ń pò mọ́ epo láti fi pa ara ère.
* Aró: ẹ̀lú ni a fi ń kun irun orí ère. Nígbà tí búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun dé láti òkè òkun, ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó dípò ẹ̀lú.
* Aṣọ: èyí lè jẹ́ aṣọ kékeré lásán, tàbí ẹ̀wù tí a to owó ẹyọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ sí lára.
* Ohun ọ̀ṣọ́: ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ti ìdí, àti ẹ̀gbà idẹ.

Ìlànà nínú ẹbí

Ìyá a máa fi omi wẹ ère bí ọmọ, a nù ún gbẹ, a fi osùn pa á lára, a sì tún irun rẹ̀ kùn. Lẹ́yìn náà ni a óò wọ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ fún un. A máa ń fún un ní oúnjẹ pẹ̀lú. Wíwẹ̀ àti pípa lára fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń jẹ́ kí ojú, imú àti ẹnu ère kan fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán.

Ìtọ́jú ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fi omi wẹ ère ìbejì, wọn kì í sì í tún un kùn. Omi lè ṣí osùn àti búlúù kúrò, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àwọ̀ yìí ni ẹ̀rí ìtọ́jú tí ìyá fún ère náà. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wọ́n fi ń gbọn eruku rẹ̀. Bí òwú ìlẹ̀kẹ̀ tàbí aṣọ bá ti gbó, wọ́n máa ń fi òwú tàbí aṣọ tuntun tì í lẹ́yìn láìyọ ti àtijọ́ dànù. Láti pa kòkòrò tí ń jẹ igi, wọ́n lè wé ohun onígi mọ́ inú ọ̀rá, kí wọ́n sì gbé e sínú ẹ̀rọ tí ó tutù tó -30 °C fún ọjọ́ mélòó kan.

Àríyànjiyàn

Ọ̀nà méjèèjì yìí tako ara wọn. Lójú ẹbí, ère tí a kò wẹ̀ tí a kò sì pa ní osùn dà bí ọmọ tí a pa tì. Lójú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, osùn tuntun a máa bo ìtàn mọ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò kan sì máa ń fi osùn àti búlúù kun ère tuntun kí ó lè dà bí ti àtijọ́. Òfin tí ó dá àjọ tí ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1979 ka kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ léèwọ̀.

Ìyípadà

Bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń gbilẹ̀, gbígbẹ́ ère ìbejì dínkù. Ní ọdún 1973, Marilyn Houlberg kọ nínú ìwé ìròyìn African Arts nípa àwọn ìdílé tí ń lo ọmọláńgidi oníke tí a rà lọ́jà dípò ère. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn kan náà bí àwọn ayàwòrán ṣe ń ya ìbejì tí ó wà láàyè, tí wọ́n sì ń tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí ó lè dà bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣì jókòó pa pọ̀.