Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Jẹ Owó Àgbà Lójú Wa

Ọ̀rọ̀ owó àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti fẹ̀yìntì la mú wá lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán.

Ní 1926 ni wọ́n kọ́ apá àkọ́kọ́ èbúté Àpápá parí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń já ẹrù níbẹ̀, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Nígbà tó di 1995, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba, Nigerian National Shipping Line, kógbá sílé. Ní 2006, ìjọba fa èbúté lé iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Kí ló kù fún àgbà? Owó ìfẹ̀yìntì, fún ẹni tó bá ní in.

Owó yìí náà làwọn kan gbójú lé. Ní January 2013, John Yakubu Yusufu jẹ́wọ́ ní kóòtù l'Ábújá pé òun lọ́wọ́ nínú owó ìfẹ̀yìntì ọlọ́pàá tí wọ́n kó jẹ, bíi ₦23 bílíọ̀nù. Adájọ́ ní kó lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 2, tàbí kó san ₦750,000. Gbogbo ìlú figbe ta. Ó di 2018 kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó sọ ọ́ di ọdún 6, pé kó sì dá ₦22.9 bílíọ̀nù padà.

Ti Abdulrasheed Maina ló wá dun ni jù. Ní 2010, òun ni ìjọba ní kó wá tún ètò owó yìí ṣe. Ní November 2021, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 8 lórí ₦2 bílíọ̀nù owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́!

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àjèjì? Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Bó ṣe rí nínú ilé wa náà nìyẹn: ọmọ tó mọ nọ́ńbà ATM ìyá ẹ̀, ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ bàbá pé òun á bá wọn tètè ṣe àyẹ̀wò PTAD, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ni, pásítọ̀ tó ní kí àgbà wá fi gírátúítì gbin irúgbìn. Jésù bá àwọn tó ń jẹ ilé opó run, tí wọ́n tún ń gbàdúrà gígùn, wí gidigidi (Máàkù 12). Ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwa tá a di máíkì mú.

Tí a bá sin àgbà lọ sí báńkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ka owó wọn. Kí alẹ́ẹ̀tì máa wọ fóònù tiwọn. Tí ẹnikẹ́ni bá rẹ́ wọn jẹ, ká má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ká bá wọn dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi alẹ́ jìyà. Ẹ ṣe Àmín, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sáwọn ẹlòmíì.