Àdéhùn Aláàfin Àtìbà: Ìjọba Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ìjàyè Láàrin Ọdún 1837 sí 1862

Ìfáàrà

Iwájú ààfin ni Ọjà Akẹ̀sán wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Orúkọ ọjà náà kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ti gbé e wá, níbi tí Akẹ̀sán ti jẹ́ ọjà ọba kí ìlú náà tó tú. Ààfin, ọjà ọba àti oyè ìdílé ni Aláàfin Àtìbà tún tò sí ibùdó tuntun. Agbára ogun tó ti ń dáàbò bo gbogbo wọn kò bá wọn dé ibẹ̀. Ọwọ́ Ìbàdàn àti Ìjàyè ló bọ́ sí. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò àdéhùn tó so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀. Èrò tó gbé e ró ni pé àdéhùn náà pín iṣẹ́ fún ìlú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò pèsè ọ̀nà tí ìdájọ́ yóò fi múlẹ̀ nígbà tí aáwọ̀ bá bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn.

Bí Ọ̀yọ́-Ilé Ṣe Tú

Ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, wà lára ohun tó kọ́kọ́ mi ìjọba Ọ̀yọ́ lójú méjèèjì. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Ìlọrin bọ́ sábẹ́ àwọn Fúlàní. Nígbà tí Aláàfin Olúewu kú nínú Ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1836, àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé fi ìlú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní agbègbè náà forí lé gúúsù. Àwọn kan sá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí Ṣọ̀ún Ògúnlọlá tẹ̀ dó. Bí ìlú kéékèèké ti ń tú, bẹ́ẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́ ń tóbi sí i, tó sì di odi agbára ní ẹnu ààlà Ìlọrin.

Àwọn ọmọ ogun mìíràn ti gba Ìbàdàn àti Ìjàyè, tí í ṣe ilẹ̀ Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀. Ní Ìbàdàn, akin ló ń sọni di ìjòyè. Oyè kì í ṣe ogún ìdílé kan. Ní Ìjàyè, Kúrunmí nìkan ló ń pàṣẹ. Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, ní tirẹ̀ wà ní Àgọ́-Ọjà. Ibẹ̀ ló sọ di Ọ̀yọ́ tuntun nígbà tó jọba ní nǹkan bí ọdún 1837.

Ohun tó Wà Nínú Àdéhùn Náà

Àtìbà ní ẹ̀tọ́ sí adé, ṣùgbọ́n kò ní ọmọ ogun tó tó ti Ìbàdàn tàbí Ìjàyè. Àwọn olórí ogun méjèèjì ní agbára, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ara wọn joyè Ọ̀yọ́. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣaláìní ló mú wọn jọ fìmọ̀ ṣọ̀kan. Àtìbà fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìbàdàn ni yóò máa dáàbò bo àwọn ìlú ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, Ìjàyè ni yóò sì máa mójú tó ìhà ìwọ̀-oòrùn. Aláàfin kò ní lọ sójú ogun mọ́. Ọ̀rọ̀ ìlú, ẹ̀sìn àti oyè ni yóò kù sí i lọ́wọ́.

Àdéhùn yìí so èso rere. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin ní Òṣogbo, ìgboyà ọ̀tá láti wá sí gúúsù sì dínkù.

Ohun tó Da Àdéhùn Náà Rú

Ìṣẹ́gun Òṣogbo gan-an ló tú àléébù àdéhùn náà síta. Ìbẹ̀rù Ìlọrin ni okùn tó so àwọn ìlú náà pọ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù náà rọ̀, okùn náà tú. Kò pẹ́ tí Ìbàdàn àti Ìjàyè fi kọjú ìjà síra wọn nínú Ogun Bátẹ̀dó, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1844. Aláàfin lè bẹ̀ wọ́n, ó lè rán oníṣẹ́ sí wọn, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti fi ipá mú ẹni tó bá kọ etí ikún.

Ọ̀rọ̀ àrólé ló wá dá egbò náà padà. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Àtìbà fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn òun. Ìbàdàn gbà, Kúrunmí kọ̀, ó ní àṣà kò gbọdọ̀ yí padà. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Adélù gorí ìtẹ́, Kúrunmí kò sì júbà rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí ohun ìní obìnrin olówó kan tó kú ní Ìjánnà láìní àrólé tún bu epo sí iná náà. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, Ìjàyè sì fọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1862.

Ohun tó yẹ ní àkíyèsí ni pé àwọn méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Kúrunmí di àṣà àtijọ́ mú. Adélù di ìfẹ́ bàbá rẹ̀ àti ìfọwọ́sí Ìbàdàn mú. Kò sí ìgbìmọ̀ àjùmọ̀ní kan tí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà láti tẹ̀ lé ìdájọ́ rẹ̀. Ogun ló dá ẹjọ́ náà.

Àbáyọrí

Lẹ́yìn ìṣubú Ìjàyè, kò sí ìlú kan nínú ìṣọ̀kan náà tó lè dá Ìbàdàn lẹ́kun mọ́. Ìnilára Ìbàdàn ló mú kí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dá Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ja Ogun Kírìjì láti ọdún 1877. Ogun náà kò parí pátápátá títí di ọdún 1893, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń nawọ́ gán ilẹ̀ náà. Ìjọba amúnisìn fi Ìbàdàn sábẹ́ Ọ̀yọ́. Ó di ọdún 1934 kí Ìbàdàn tó gba òmìnira.

Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọgbọ́n ńlá ni Àtìbà lò láti fi oyè ra ààbò, ó sì gba ọ̀pọ̀ ìlú lọ́wọ́ ìparun. Ṣùgbọ́n oyè àti ìbẹ̀rù ọ̀tá kò tó láti gbé ìṣọ̀kan dúró títí. Olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìtàn Yorùbá kò gbọdọ̀ fi Ogun Ìjàyè mọ sórí ìwà agídí Kúrunmí tàbí ojúkòkòrò Ìbàdàn nìkan. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí wọn ì bá ti gbé ẹjọ́ náà lọ. Iná jó Ọjà Akẹ̀sán ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n sì tún un kọ́, gẹ́gẹ́ bí Àtìbà ti tún orúkọ rẹ̀ gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìparun Ọ̀yọ́-Ilé. Ìṣọ̀kan ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí irú àtúnkọ́ bẹ́ẹ̀.